Ìdánwò wo, àwòṣe wo? Ìfiwéra fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí bíìmù kọnkéré oní-fọ́nrán irin

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí bíìmù kọnkéré tí a da fọ́nrán irin mọ́ yóò ṣe ṣe lábẹ́ ẹrù ní ìpinnu méjì níwájú: irú ìdánwò tí yóò ṣe ní láàbù, àti irú àwòṣe tí yóò kọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ń ṣe ìpinnu méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ń yan ìdánwò, sọ́fítíwià tí ọwọ́ wọn ti mọ̀ ni wọ́n sì fi ń yan àwòṣe. Nígbà tí wọ́n bá wá fẹ́ so wọ́n pọ̀, wọ́n á rí i pé nọ́ńbà tí láàbù mú jáde kọ́ ni àwòṣe ń béèrè. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ìfiwéra yìí sọ: ẹ mọ nọ́ńbà tí àwòṣe yín máa béèrè kí ẹ tó po kọnkéré rárá.

Kí fọ́nrán irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kọnkéré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sán. Ní ìwọ̀n tí a sábà ń lò, bíi 20 sí 40 kg nínú m³ kọnkéré kan, fọ́nrán kì í fi bẹ́ẹ̀ yí ẹrù tí bíìmù fi ń sán padà, kì í sì í yí agbára ìfúnpọ̀ tí a ń wọ̀n lára kúùbù kọnkéré padà púpọ̀. Ẹ̀yìn tó bá ti sán ni iṣẹ́ rẹ̀ ń hàn. Fọ́nrán tó dábùú ojú sísán ń dì í mú. Bí ojú náà ṣe ń ya, orí fọ́nrán tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ń tọ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń fà yọ, ibẹ̀ ni ẹ́nájì ń tán sí. Kọnkéré lásán á ti ṣẹ́ sí méjì nígbà yẹn. Nítorí náà, nọ́ńbà tó ṣe pàtàkì jù fún kọnkéré yìí ni agbára àṣẹ́kù, ìyẹn agbára tó kù lẹ́yìn sísán, kúùbù kò sì lè sọ ọ́. Láti ìgbà tí àwọn olùwádìí Romualdi àti Batson ti tẹ iṣẹ́ wọn jáde lọ́dún 1963 ni àwọn ẹnjiníà ti ń wá ọ̀nà tó dára jù láti wọ̀n ohun tí fọ́nrán ń ṣe yìí.

Bíìmù kékeré: ẹrù ojú kan tàbí ẹrù ojú méjì

Ìlànà EN 14651 ti ilẹ̀ Yúróòpù ń lo bíìmù tí fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ 150 mm. Ẹsẹ̀ méjì tó jókòó lé jìnnà síra ní 500 mm (èyí là ń pè ní àlàfo), ẹrù sì ń bọ̀ látòkè ní àárín gbùngbùn. Kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ, wọ́n á fi ayùn rẹ́ abẹ́ rẹ̀ ní àárín, 25 mm jìn, tó fi jẹ́ pé gíga 125 mm ló kù láti ru ẹrù. Bí ojú ayùn náà ṣe ń lanu ni wọ́n ń wọ̀n. Wọ́n ń ka agbára àṣẹ́kù nígbà tí ìlanu bá dé 0.5, 1.5, 2.5 àti 3.5 mm, wọ́n sì ń pè wọ́n ní fR1, fR2, fR3 àti fR4.

ASTM C1609 ti Amẹ́ríkà kò fi ayùn kan bíìmù. Ẹrù rẹ̀ ń bọ̀ lójú méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́ta àlàfo láti ẹsẹ̀ tó sún mọ́ ọn. Bíìmù 150 mm máa ń jókòó lórí àlàfo 450 mm, ti 100 mm sì ń jókòó lórí 300 mm. Ìtẹ̀sílẹ̀ bíìmù ni wọ́n ń wọ̀n níbí, wọ́n á sì ka agbára tó kù nígbà tó bá dé àlàfo pín sí 600 àti àlàfo pín sí 150. Fún bíìmù ńlá, 0.75 mm àti 3 mm nìyẹn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì ju ti ibi tí ẹrù ti ń bọ̀ lọ. Nínú ìdánwò ẹrù ojú méjì, ìdá àárín bíìmù ń ru ìtẹ̀ kan náà láti òpin dé òpin, nítorí náà kọnkéré fúnra rẹ̀ ni yóò yan ibi tó ti máa sán, ibi tó bá rẹ̀ jù lọ. Òótọ́ wà nínú ìyẹn: ẹrù ìsán àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí níbẹ̀ sún mọ́ ohun tí bíìmù gidi máa ṣe. Àmọ́ ẹ kò lè fi ohun èlò sí ẹnu ojú sísán tí ẹ kò tíì mọ ibi tó máa wà. Ó lè sán níbi méjì. Ó lè sán lẹ́yìn ìdá àárín, kí ìdánwò náà bàjẹ́. Ìtẹ̀sílẹ̀ tí ẹ kà náà jẹ́ àpapọ̀ ohun púpọ̀, kì í ṣe ìlanu ojú kan.

Bíìmù tí a fi ayùn rẹ́ kò fún kọnkéré láyè láti yàn. Ojú sísán kan ṣoṣo ni yóò wà, ibi tí ẹ fẹ́ ni yóò wà, ẹ ó sì mọ bó ṣe lanu tó ní gbogbo ìgbà. Ohun tí àwòṣe orí kọ̀ǹpútà ń béèrè gan-an nìyí: agbára ìfà tó kù lójú sísán, ní ìbámu pẹ̀lú bó ṣe lanu tó. Nítorí èyí, bí iṣẹ́ yín bá máa parí sórí kọ̀ǹpútà, EN 14651 ni mo máa yàn, mi ò sì ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ láti fi hàn pé kọnkéré kan bá ìlànà Amẹ́ríkà mu, ọ̀rọ̀ yí padà. Láti ọdún 2008 ni ACI 318, ìlànà ìkọ́lé kọnkéré ti Amẹ́ríkà, ti gbà kí fọ́nrán irin rọ́pò ríìngì irin tó kéré jù lọ fún shear (ẹrù tó fẹ́ gé bíìmù ní ìdábùú) nínú àwọn bíìmù kan, bí fọ́nrán kò bá dín sí 60 kg nínú m³, tí gíga bíìmù kò ju 600 mm lọ, tí agbára ìfúnpọ̀ kọnkéré kò sì ju bíi 40 N/mm² lọ. Ẹ̀rí tó ń béèrè ni pé nínú ìdánwò ASTM C1609, agbára tó kù nígbà tí ìtẹ̀sílẹ̀ bá dé àlàfo pín sí 300 kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ti ìsán àkọ́kọ́, tí ti àlàfo pín sí 150 kò sì gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 75. Kò sí bí ẹ ṣe máa fi fR3 dáhùn ìbéèrè yẹn.

Ìdí tí èsì fi ń fọ́n ká

Ẹni tó bá ti ṣe ìdánwò yìí rí mọ̀ pé bíìmù mẹ́fà láti inú ìpòpọ̀ kan náà lè mú ìlà mẹ́fà tí kò jọra jáde. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní fọ́nrán yín jẹ́ 40 kg nínú m³. Irin wúwo tó 7850 kg nínú m³, nítorí náà fọ́nrán gba nǹkan bí ìdá 0.51 nínú ọgọ́rùn-ún àyè kọnkéré. Bí nínípọn fọ́nrán bá jẹ́ 0.75 mm, ojú rẹ̀ jẹ́ 0.44 mm². Ojú tó kù lókè ojú ayùn jẹ́ 150 lọ́nà 125, ìyẹn 18,750 mm². Bí fọ́nrán bá kọjú síbi gbogbo láìṣe ojúsàájú, ìdajì ni a fi ń sọ ọ́ di púpọ̀. Iye tó máa dábùú ojú náà yóò jẹ́ nǹkan bí 108. Ẹ dín fọ́nrán kù sí 20 kg, ó di 54. Nínú àwọn wọ̀nyí, èyí tó wà nísàlẹ̀, níbi tí ojú ti ń lanu jù, ló ń ṣe iṣẹ́ jù lọ. Bí fọ́nrán mẹ́wàá bá lọ dúró sókè dípò ìsàlẹ̀, ìlà èsì yóò yí padà lójú ẹsẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe àṣìṣe kan.

Kì í ṣe ohun àjèjì kí èsì fR3 fọ́n ká tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń ṣe sí nọ́ńbà tí ẹ máa fi ya àwòrán ilé. Ìlànà EN 1990 ní tábìlì kan fún rírí iye tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé láti inú ìdánwò díẹ̀: bí ẹ kò bá ti mọ bí èsì ṣe ń fọ́n ká tẹ́lẹ̀, ẹ ó fi 3.37 sọ ìfọ́nká di púpọ̀ fún àyẹ̀wò 3, 2.18 fún 6, 1.92 fún 10, kí ẹ tó yọ ọ́ kúrò nínú ìpíndọ́gba. Ká ní ìpíndọ́gba fR3 jẹ́ 4 N/mm², ìfọ́nká ìdá 25 rẹ̀ á jẹ́ 1 N/mm². Pẹ̀lú bíìmù 3, ohun tó kù fún yín láti lò jẹ́ nǹkan bí 0.63. Pẹ̀lú 6, ó di 1.82. Pẹ̀lú 10, ó di 2.08. Kọnkéré kan náà ni, fọ́nrán kan náà ni! Ẹni tó da bíìmù mẹ́ta péré torí pé àyè kò sí ní láàbù ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ohun tó pọ̀ ju ìdajì agbára tó ì bá lò nù.

Bí wọ́n ṣe da kọnkéré sínú àpótí náà tún wà níbẹ̀. EN 14651 ní kí a kọ́kọ́ da ti àárín, kí a tó da ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ojú ibi tí ìdà méjì ti pàdé má baà bọ́ sí àárín níbi tí ayùn ti máa rẹ́. Ó tún ní kí a yí bíìmù náà sí ẹ̀gbẹ́ kí a tó rẹ́ ẹ, kí ojú tó wà lókè nígbà ìdà má baà di ìsàlẹ̀ tàbí òkè lórí ẹ̀rọ. Ọ̀pá tó ń gbọ̀n tí a ń tì bọ inú kọnkéré kò dára níbí, nítorí ó ń ti fọ́nrán kúrò lọ́nà rẹ̀. Orí tábìlì tó ń gbọ̀n ló yẹ kí àpótí náà wà. Ògiri àpótí pẹ̀lú ń tò fọ́nrán: fọ́nrán 60 mm nínú bíìmù 100 mm kò rí àyè yí, ó máa dùbúlẹ̀ ní gígùn bíìmù, èsì yín á sì dára ju bí ilé gidi ṣe máa rí lọ.

Ẹ̀rọ yín ńkọ́?

Kí ẹ tó yan ìdánwò kankan, ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ náà lè máa wo ìlanu tàbí ìtẹ̀sílẹ̀ kó sì máa fúnra rẹ̀ ṣàtúnṣe ẹrù. EN 14651 fẹ́ kí ìlanu máa pọ̀ sí i ní 0.05 mm ní ìṣẹ́jú kan títí yóò fi dé 0.1 mm, lẹ́yìn náà kó di 0.2 mm ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ tó kàn ń ti ẹrù síwájú kò lè ṣe é: bí kọnkéré bá sán, ẹ́nájì tí ẹ̀rọ ti tọ́jú sínú ara rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìlà èsì á sì fò kọjá ibi tí ìlanu ṣì kéré. Ibẹ̀ gan-an ni fR1 wà.

Fún ẹni tí kò ní ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ASTM C1399 wà. Wọ́n á gbé bíìmù lé orí pátákó irin kan, wọ́n á jẹ́ kó sán tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn, wọ́n á yọ pátákó náà, wọ́n á sì tún gbé ẹrù lé e láti wo agbára tó kù. Ó wúlò fún fífi fọ́nrán kan wé òmíràn. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin ìsán àti ìgbà tí wọ́n yọ irin kò sí nínú èsì rẹ̀, nítorí náà mi ò ní bọ́ àwòṣe kankan pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn tí kì í ṣe bíìmù

| Ìdánwò | Ohun tí a ń dán wò | Ohun tó ń mú jáde | Ibi tó ti dára jù |
|---|---|---|---|
| EN 14651 | bíìmù oní-ojú-ayùn, àlàfo 500 mm | agbára àṣẹ́kù sí ìlanu | àwòṣe, ìyàwòrán ìlànà Yúróòpù |
| ASTM C1609 | bíìmù tí a kò rẹ́, ẹrù ojú méjì | agbára àti ẹ́nájì sí ìtẹ̀sílẹ̀ | ìlànà ACI |
| ASTM C1550 | pánẹ́ẹ̀lì róbótó, 800 mm lábùú, 75 mm nípọn | ẹ́nájì títí dé ìtẹ̀sílẹ̀ 40 mm | kọnkéré tí a ń fọ́n sára ògiri ihò abẹ́ ilẹ̀ |
| EN 14488-5 | pánẹ́ẹ̀lì onígun mẹ́rin, 600 mm, 100 mm nípọn | ẹ́nájì títí dé 25 mm | ihò abẹ́ ilẹ̀ |
| Ìdánwò Barcelona | sílíńdà 150 mm, tí a fi irin tẹ lókè àti nísàlẹ̀ | ẹ́nájì sí ìlanu yíká ara rẹ̀ | ìṣàyẹ̀wò ojoojúmọ́, ègé tí a gbẹ́ lára ilé |

Pánẹ́ẹ̀lì róbótó yẹ fún ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló jókòó lé, ojú sísán mẹ́ta ló sì sábà máa ń ní. Bí ẹ bá ṣírò ojú tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà, ó tó nǹkan bí 90,000 mm², ìyẹn bí ìlọ́po márùn-ún ti bíìmù EN 14651. Fọ́nrán tó dábùú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí èsì rẹ̀ kò fi ń fọ́n ká bíi ti bíìmù. Ṣùgbọ́n ẹ́nájì lásán ló ń sọ fún yín. Kọnkéré méjì tí ẹ́nájì wọn dọ́gba lè yàtọ̀ pátápátá: ọ̀kan lágbára nígbà tí ìlanu ṣì kéré kó tó rọ̀, èkejì rọ̀ níbẹ̀rẹ̀ kó tó dìde. Fún bíìmù tí ẹnì kan ń bẹ̀rù pé omi máa gba ojú sísán rẹ̀ wọlé, ìyàtọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀.

Ìdánwò Barcelona dùn mọ́ mi nínú nítorí pé sílíńdà kékeré ni, ẹ sì lè gbẹ́ ẹ lára ohun tí wọ́n ti kọ́ tán. Ìlànà Spéènì UNE 83515 ló ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ lò ó láti mọ̀ bóyá kọnkéré oṣù yìí jọ ti oṣù tó kọjá, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi bíìmù díẹ̀ mọ ìbátan àárín wọn.

Àwòṣe: láti ìṣirò ọwọ́ dé orí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan

Èyí tó rọrùn jù ni ìṣirò ojú gígé tí Model Code 2010, ìwé ìlànà àjọ àgbáyé fib lórí kọnkéré, là sílẹ̀. Ó gbà pé nígbà tí bíìmù bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lágbára, gbogbo gíga rẹ̀ ló ń fà pẹ̀lú agbára kan náà, tí kọnkéré tó ń fún pọ̀ lókè kò sì ju etí tín-ín-rín lọ. Lórí ìyẹn, agbára ìfà ìkẹyìn jẹ́ fR3 pín sí mẹ́ta. Ìdí rẹ̀ ṣe tààrà. Láàbù ṣírò fR3 bí ẹni pé kọnkéré kò tíì sán, tó fi pín ìtẹ̀ pẹ̀lú bh²/6 (b ni fífẹ̀ ojú náà, h ni gíga rẹ̀). Nínú àwòṣe tuntun, bh²/2 ló bá a mu. Ìlọ́po mẹ́ta ni ìyàtọ̀ wọn.

Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà: kí ènìyàn mú fR láti inú ìwé èsì láàbù, kó sì tẹ̀ ẹ́ sínú sọ́fítíwià gẹ́gẹ́ bí agbára ìfà. fR3 tó jẹ́ 4 N/mm² kì í ṣe agbára tó wà lójú sísán. Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an jẹ́ nǹkan bí 1.33. Ẹni tó bá tẹ 4 sínú rẹ̀ ti sọ kọnkéré rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, bíìmù orí kọ̀ǹpútà á sì rẹwà gan-an lójú gíráàfù.

Lókè èyí ni àwòṣe ìsopọ̀ wà, níbi tí a ti ń gé ojú bíìmù sí ìpele tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, tí a sì ń gbà pé ojú sísán kan wà láàrin apá kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ti pàtó. Gígùn yìí ló ń sọ ìlanu di ìnà (bí nǹkan ṣe gùn sí i ní ìdá gígùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀), kí ìṣirò lè lọ. Model Code fi ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe òpin ìnà fún bíìmù tó ń tẹ̀. Lórí gíga 125 mm, 2.5 mm ni yóò jẹ́, ìlanu fR3 gan-an. Mo fẹ́ràn àwòṣe yìí ju bí ọ̀pọ̀ ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú tábìlì ìṣirò lásán, ó ń parí ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, bí bíìmù yín bá sì rọrùn tí ìtẹ̀ nìkan ló ń pa á, finite element (ìṣirò tó ń pín bíìmù sí ojú àwọ̀n kéékèèké lórí kọ̀ǹpútà) kò ní sọ ohun tó pọ̀ jù ú lọ fún yín.

Finite element ń wọlé nígbà tí shear, ihò lára bíìmù, tàbí bí ọ̀pá irin ṣe ń pín ẹrù pẹ̀lú fọ́nrán bá wà nínú ọ̀rọ̀. Níbí, ọ̀nà méjì ni ẹ máa yàn láàrin wọn. Èkíní ń fọ́n ojú sísán ká sínú gbogbo ojú àwọ̀n tó bá kàn. Èkejì ń fi ojú sísán sí ibi kan pàtó bí ìlà tó lè yà.

Ọ̀nà ìfọ́nká ló wọ́pọ̀. Sọ́fítíwià ATENA, DIANA àti VecTor2 ń lò ó, àwòṣe Concrete Damaged Plasticity inú sọ́fítíwià ABAQUS náà sì jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Ewu rẹ̀ ni ìwọ̀n ojú àwọ̀n. Bí ẹ bá fún sọ́fítíwià ní agbára sí ìnà, láìfi ìwọ̀n ojú àwọ̀n kún un, bíìmù tí ojú àwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 10 mm yóò jẹ ìdajì ẹ́nájì tí èyí tó jẹ́ 20 mm jẹ, nítorí ìlà ojú àwọ̀n kan ṣoṣo ló ń sán nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀kọ́ tí Hillerborg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ wa lọ́dún 1976 nìyí, tí Bažant àti Oh sì tún ṣe fún ojú àwọ̀n lọ́dún 1983: ìlanu ni ohun tó jẹ́ ti kọnkéré, ìnà kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ fún sọ́fítíwià ní agbára sí ìlanu, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú àwọ̀n súnmọ́ onígun mẹ́rin tó dọ́gba.

Nínú ABAQUS, ibì kan wà tó ń tan ènìyàn. Ó gbà kí ẹ kàn fún un ní ẹ́nájì ìfọ́ kan ṣoṣo, yóò sì fa ìlà títọ́ láti òkè dé òdo. Fún kọnkéré lásán, ó ṣeé fara mọ́. Model Code fún kọnkéré tí ìpíndọ́gba agbára ìfúnpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 38 N/mm² ní nǹkan bí 140 N/m. Ṣùgbọ́n fọ́nrán tó bá di 1 N/mm² mú títí dé ìlanu 2.5 mm ti jẹ 2,500 N/m. Ìlà títọ́ kan kò lè sọ ìtàn yẹn: agbára ń já sílẹ̀ kíákíá lẹ́yìn ìsán, lẹ́yìn náà ló ń lọ gbọọrọ bí ìrù gígùn. Ẹ lo tábìlì agbára sí ìlanu, pẹ̀lú ojú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ sì ṣọ́ nọ́ńbà viscosity. Àwọn ènìyàn ń gbé e sókè kí ìṣirò lè parí láìkùnà, bẹ́ẹ̀ bó bá ti pọ̀ jù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ru ẹrù dípò fọ́nrán.

Ojú sísán ojú kan dára fún bíìmù EN 14651 fúnra rẹ̀, nítorí a ti mọ ibi tó máa sán. Mo máa ń dá a lábàá fún ìṣirò láti ẹ̀yìn: ẹ gbé ìlà agbára sí ìlanu kan kalẹ̀, ẹ ṣírò ìlà ẹrù, ẹ fi wé ti láàbù, ẹ tún un ṣe títí wọn yóò fi bára mu. Ẹ má fi ojú púpọ̀ sí ìlà náà. Pẹ̀lú ojú mẹ́jọ, ẹ lè rí ìlà mẹ́ta tó yàtọ̀ síra tí gbogbo wọn bá ẹrù láàbù mu, ẹ kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ ti kọnkéré.

Èyí tó le jù ni kí a ya fọ́nrán kọ̀ọ̀kan sínú àwòṣe, pẹ̀lú ibi tó wà àti ibi tó kọjú sí. LDPM-F wà lára irú rẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni ìdánwò fífa fọ́nrán kan ṣoṣo yọ, ní igun oríṣiríṣi, àti bí fọ́nrán ṣe tò nínú bíìmù, bóyá nípa yíya àwòrán inú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ CT. Fún ẹni tó ń ṣe ìwádìí lórí ìdí tí èsì fi ń fọ́n ká, kò sí ohun tó dà bíi rẹ̀. Fún ẹni tó ń ya àwòrán ilé, kò yẹ.

Bí mo ṣe máa so wọ́n pọ̀

Fún bíìmù tí ìtẹ̀ ń pa, tó ní ọ̀pá irin tàbí tí kò ní: EN 14651, bíìmù tí kò dín sí mẹ́fà, kí ìṣirò ojú gígé tẹ̀lé e. Fún shear tàbí ìrísí tó díjú: EN 14651 pẹ̀lú ìṣirò láti ẹ̀yìn, kí finite element ọ̀nà ìfọ́nká tẹ̀lé e, àti bíìmù ńlá díẹ̀ láti fi yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí bí ẹ ṣe lè fo bíìmù ńlá nínú ọ̀ràn shear, nítorí bíìmù tó ga ń ṣẹ́ pẹ̀lú agbára tó kéré sí ti kékeré lórí mm² kọ̀ọ̀kan. Fún ìṣàyẹ̀wò ojoojúmọ́ tí àwòṣe kò sí nínú rẹ̀: Barcelona tàbí pánẹ́ẹ̀lì.

Bíìmù tí ẹ fi tún nọ́ńbà àwòṣe ṣe kò lè jẹ́rìí fún un. Bí ẹ bá da bíìmù ńlá mẹ́ta, ẹ kọ àsọtẹ́lẹ̀ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kí ẹ tó gbé èyí àkọ́kọ́ sórí ẹ̀rọ. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ìpíndọ́gba, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú iye tó rẹlẹ̀, kí ẹ lè rí bóyá èsì láàbù bọ́ sáàárín méjèèjì. Bí ẹ bá lè rí kámẹ́rà tó ń tọpa àmì ara bíìmù, ẹ lò ó, nítorí ẹrù gíga jù lọ nìkan kì í tó láti dájọ́ àwòṣe. Ẹ fi iye ojú sísán, àlàfo àárín wọn àti bí wọ́n ṣe lanu tó wé ti kọ̀ǹpútà. Bí bíìmù gidi bá ní ojú mẹ́fà tí ti kọ̀ǹpútà sì ní ọ̀kan ṣoṣo, ìdìmú àárín ọ̀pá irin àti kọnkéré ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kódà bí ẹrù méjèèjì bá dọ́gba.